Lakers 2004 àti Celtics 2008: ta ni ìràwọ̀ ràn lọ́wọ́?

Nígbà tí Karl Malone àti Gary Payton lọ bá Shaquille O'Neal àti Kobe Bryant ní Los Angeles lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ àwa olólùfẹ́ básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ti gbé ife NBA, líìgì básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fún Lakers lọ́kàn wa. Wọ́n jáwé olúborí nígbà 56 nínú eré 82, wọ́n dé àṣekágbá, àmọ́ Detroit Pistons nà wọ́n ní eré 4 sí 1. Orúnkún Malone, ẹni 40 ọdún, ti dá a dúró fún nǹkan bí ìdajì sáà. Shaq àti Kobe ò sì gbọ́ra wọn yé. Ó ṣì ń dùn mí.

Ti Boston Celtics yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà 24 péré ni wọ́n borí nínú 82 ní sáà 2006-07. Kevin Garnett àti Ray Allen wá bá Paul Pierce, ó di 66, wọ́n sì gba ife mọ́ Lakers lọ́wọ́ lọ́dún 2008. 131 sí 92 ni eré ìkẹyìn nínú àṣekágbá náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí èyí tó gba ife rí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ ni pé Malone àti Payton náà ò tíì gbà á rí nígbà tí wọ́n dé Lakers, ṣùgbọ́n ara tiwọn ti ń dara àgbà. Lójú tèmi, Garnett ló mú ìyàtọ̀ wá: òun tó jẹ́ ìràwọ̀ ńlá ló ń sáré dènà jù, òun náà ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ adènà tó dára jù lọ lọ́dún yẹn.