Google Photos àti àpótí fọ́tò Ìyá Ọ̀fà

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀ fún ẹni tí kò ní ráyè kà á dé ìparí: Google Photos ń tọ́jú fọ́tò dáadáa, ó sì ń jẹ́ kí ẹbí tó fọ́n káàkiri rí i. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn nìkan ló ń tọ́jú. Ta ló ni ojú yẹn, ọmọ ta ni, kí ló ń ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kó ìyẹn sí i, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní yin áàpù yìí tàbí bú u nítorí ẹwà rẹ̀. Ibi tó ti ràn wá lọ́wọ́ láti mọ àwọn tó wà nínú fọ́tò àti ibi tó ti dá wa dá a ni màá sọ.

Ọ̀fà ni ilé bàbá wa. Tanke ní Ìlọrin lèmi ń gbé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà l'Ékòó, àbúrò wa kan wà ní Kánádà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀fà, ló kù nílé. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí fọ́tò kún inú rẹ̀ bámúbámú: ti dúdú-àti-funfun, ti aláwọ̀ tó ti pọ́n, èyí tí wọ́n yà ní sítúdíò níwájú aṣọ tí wọ́n kun igi ọ̀pẹ sí, àti ọ̀kan tí bàbá àgbà wa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tò sí níwájú ìdíkọ̀ rélùwéè Ọ̀fà, gbogbo wọn fajú ro bí ẹni pé wọ́n jẹ aláwòrán náà lówó. Ikán ti jẹ igun àwọn kan. Òjò tó ń jò ti jẹ́ kí àwọn mìíràn lẹ̀ mọ́ ara wọn. Irú wọn, ẹ má ṣe fi ipá ya á, torí àwòrán ojú rẹ̀ ló máa bá a ṣí.

Láti sọ fọ́tò bébà di ti fóònù, PhotoScan ni mo kọ́kọ́ lò. Google náà ló ni ín, wọ́n gbé e jáde ní 2016, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n ṣe: kó ya fọ́tò bébà láìjẹ́ kí iná kọ yànrànyànràn lójú rẹ̀. Á gbé àmì róbótó mẹ́rin síwájú yín, ẹ ó máa gbé fóònù lọ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, á gé etí rẹ̀, á tò ó kó gún. Ó dára fún fọ́tò tó ń dán. Fún èyí tí kò dán, kámẹ́rà fóònù lásán tó: ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ẹ pa fíláàṣì, ẹ nu ojú kámẹ́rà (nígbà ọyẹ́, ẹ tún un nù), ẹ dúró gangan lókè rẹ̀. Ẹ rántí ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ẹ̀yìn fọ́tò ni òǹtẹ̀ sítúdíò máa ń wà, níbẹ̀ sì ni àwọn àgbà máa ń kọ ọjọ́ sí nígbà tí bírò bá wà nítòsí.

Ohun kan wà tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú. Bí ẹ bá gbé fọ́tò 1974 sórí Google Photos lónìí, déètì òní ló máa fún un, bàbá yín á wá jókòó sí àárín fọ́tò ìrẹsì tí ọmọ yín yà lánàá. Ẹ ṣí fọ́tò náà, ẹ lọ sí ibi tí àlàyé rẹ̀ wà, ẹ yí déètì rẹ̀ padà. Bí ẹ ò bá mọ ọjọ́, ọdún tó bá súnmọ́ ọn á ṣe é. Níbẹ̀ náà ni àyè wà láti kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò. Ẹ kọ orúkọ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, pẹ̀lú inagijẹ, nítorí inagijẹ lọmọ ẹbí máa fi wá a. Bí mo bá tẹ “Ìyá Alákàrà” síbi ìwákiri nísinsìnyí, fọ́tò wọn á yọ. Èyí nìkan ló jẹ́ kí n gbà pé áàpù náà sàn ju àpótí lọ.

Àmọ́, Google Photos kì í gba ohùn lásán. Fọ́tò àti fídíò nìkan ló ń gbà. Fáìlì ohùn, ì báà jẹ́ oríkì, ì báà jẹ́ ìtàn tí àgbà sọ sínú fóònù, kò sí àyè fún un. Fún ìdílé Yorùbá, àléébù ńlá nìyẹn, torí ẹnu la fi ń tọ́jú ara wa kí kámẹ́rà tó dé.

Ọ̀nà tí a gbé e gbà rèé, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí. A ò gbé kámẹ́rà kọjú sí Ìyá Ọ̀fà. Fọ́tò náà la gbé kámẹ́rà kọjú sí, lórí tábìlì, a sì ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ẹni tí wọ́n bá ń dárúkọ. Fídíò ni Google Photos rí, kò janpata, ó gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni fọ́tò, ìka àgbà àti ohùn wọn. Ó tún ní àǹfààní tí mi ò retí: bí kámẹ́rà bá ń wo àgbà lójú, wọ́n á máa tún gèlè ṣe, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá jẹ́ fọ́tò ló ń wò, wọ́n á gbàgbé ẹ pátápátá.

“Èyí ni bàbá bàbá yín. Èyí tó dúró tì wọ́n, ará Èrín-Ilé ni, iṣẹ́ rélùwéè ló so wọ́n pọ̀. Kò sí ọdún Iléyá tí kì í gbé ẹran wá.” Ìka wọn bọ́ sórí obìnrin kan tó wọ ìró àti bùbá, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ti ń pè ní ìyàwó kejì bàbá àgbà láti kékeré. Ìyá Ọ̀fà bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ayálégbé ni! Ilé ló wà nígbà tí aláwòrán dé, ló bá ní òun náà á dúró.” Ẹ wo iye ọdún tí a ti fi ń ṣàdúà fún ayálégbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sínú oríkì: “Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí…” Nígbà tó yá wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní ká pa fóònù ná, pé ibi tó kù yẹn kì í ṣe ohun tí àna ń gbọ́. A pa á. Kò sí nínú fídíò, kò sì ní sí níbí.

Nígbà tí mo bá ronú sí fọ́tò ayálégbé yẹn, ère òkúta ìlú Èsìẹ́, ní Kwara níbí, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1945, ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ojú wọn yè kooro, irun orí wọn hàn, ilà ojú àwọn mìíràn hàn. Síbẹ̀ títí dòní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ààyè àti owó. Àwọn tó ti ń lò ó tipẹ́ á rántí pé ọ̀fẹ́ ni, láìní gbèdéke, fún ẹni tó bá gbà kí wọ́n dín fọ́tò rẹ̀ kù díẹ̀. Ìyẹn parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021. Nísinsìnyí 15 GB ni ọ̀fẹ́, Gmail àti Drive (ibi tí Google ń tọ́jú fáìlì sí) ń jẹ nínú rẹ̀, àfipamọ́ WhatsApp orí Android náà ti ń jẹ nínú rẹ̀. Bó bá kún, lẹ́tà Gmail ò ní wọlé mọ́. Nítorí náà a ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ẹbí, tí kò sí lẹ́tà ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, a sì yan “Storage saver”, tó ń dín fọ́tò kù sí 16 megapixel àti fídíò sí 1080p. Fọ́tò àtijọ́ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé Wi-Fi nìkan ló máa fi gbé nǹkan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan á gbé gbogbo dátà yín mì.

Láti pín in, a ṣe àlíbọ́ọ̀mù àjọni kan. Àbúrò wa tó wà ní Kánádà ń kó tirẹ̀ sí i láti ọ̀hún, àwọn t'Èkó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò, wọ́n sì ń jà síbẹ̀ pẹ̀lú (ta ló gbé ta pọ̀n nínú fọ́tò ìkómọ 1981, ẹjọ́ náà ò tíì parí). Bí ẹnì kan bá bínú jáde kúrò nínú àlíbọ́ọ̀mù, gbogbo fọ́tò tó kó sí i ló máa bá a jáde. Ẹ yáa máa tọ́jú èyí tó bá ṣe pàtàkì sínú àkáǹtì ẹbí gan-an. Ohun kejì ni líǹkì àlíbọ́ọ̀mù náà: ẹni tó bá ti rí i gbà lè wo fọ́tò, ẹbí ni o, ará ìta ni o. Alhaja kan nínú ẹbí wa ní fọ́tò ìgbà ọ̀dọ́ wọn, irun wọn wà níta, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ojú àjèjì kàn án. Wọ́n jàre. A pa líǹkì, a fi orúkọ èèyàn pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì yọ fọ́tò Alhaja sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ọ̀fà fúnra wọn kì í ṣí Google Photos. WhatsApp ni wọ́n mọ̀. Bí a bá fi fídíò ránṣẹ́ sí gúrúùpù, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á fi ohùn fèsì: “Rárá, ẹ gbàgbé àbúrò rẹ̀.” Nítorí náà WhatsApp lọjà, Google Photos làká. Ohun tó ti ọjà wá, bí ẹ ò bá gbé e lọ sí àká, ọjọ́ tí fóònù bá bàjẹ́ ló parí. Ẹ sì rántí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúméǹtì tàbí kí ẹ yan HD.

Nítorí ọ̀rọ̀ ohùn yìí, mo yẹ FamilySearch wò, ìkànnì tí èèyàn ti ń to ìtàn ìdílé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń gba fọ́tò, ìtàn àti fáìlì ohùn, ó sì ń to ìdílé bí igi, kí èèyàn lè tẹ bàbá kó rí àwọn ọmọ. Ó ń gba ju ìyàwó kan lọ fún ọkùnrin kan, ó ṣe wá láǹfààní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé igi kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń lò: ẹni tó wà láyé ò ní hàn sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òkú wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún orúkọ rẹ̀ kọ. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ní Amẹ́ríkà ló ni ín, ìjọ náà sì máa ń ṣe ìrìbọmi lórúkọ àwọn tó ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn ni kí ọmọ ìjọ ṣe é fún ìran tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ọkùnrin, tó jẹ́ Alfa, gbọ́ èyí, ìpàdé parí. Ẹbí tí kò bá ní irú àníyàn bẹ́ẹ̀ lè gbé e yẹ̀ wò, ó dára níbi tó ti dára.

Kẹ́yìn, ta ló ni kọ́kọ́rọ́? Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, tí Ọlọ́run sì pe ẹni náà, ẹ ti mọ ìyókù. Ibì kan wà nínú ètò àkáǹtì tó ń jẹ́ Inactive Account Manager, níbi tí ẹ ti lè yan àwọn tí wọ́n máa fi nǹkan náà lé lọ́wọ́ bí àkáǹtì bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta sí méjìdínlógún. A ti fi èmi àti àbúrò wa ti Kánádà síbẹ̀. Mo tún ń fi Google Takeout kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí háàdì dísìkì kan, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Ọ̀fà. Àwọn ni wọ́n ní kí n gbé e síbẹ̀, pé ibi tí àpótí wà ni kí ọmọ rẹ̀ náà wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan tó kù, nítorí ohùn ni mo ṣe mú un sọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba fáìlì ohùn lásán wọlé, màá padà wá fi kún un. Kó tó dìgbà náà, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ mo ń wọkọ̀ ní Gárééjì Ọ̀fà, torí ìsàlẹ̀ àpótí la ò tíì dé.