Mítà tó fi òótọ́ ìmọ́lẹ̀ hàn mí: Apogee MQ-510 àti iyùn inú táǹkì mi

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gbé iná tuntun sórí táǹkì ni orí kan lára Euphyllia mi, irú iyùn kan tó ní orí púpọ̀, funfun bí ẹfun. Orí kejì súnkì wọnú egungun rẹ̀, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó tí mo fi ra iná yẹn ju owó gbogbo ẹja àti iyùn inú omi náà lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n gbé e sí ìdá 100 nínú 100, pé iyùn fẹ́ràn oòrùn, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àmọ́ kì í ṣe iná náà ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Mítà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú omi ni, Apogee MQ-510, nítorí òun ló jẹ́ kí n yé fi ojú lásán díwọ̀n ohun tí ojú kò lè díwọ̀n.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín dáadáa: àwọn tó bá gbọ́ pé mò ń sin iyùn ní London níbí máa ń rò pé èyí tí à ń fi sọ́rùn ni. Ìyá mi náà bi mí nígbà tí mo fi táǹkì hàn wọ́n lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé irú èyí tí mo fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ náà lò ń tanná fún?" Mo ní, "Rárá, mà. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ilé wọn ló yàtọ̀." Iyùn pupa gidi, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corallium rubrum, inú Òkun Mediteréníà ló ń gbé, nínú ihò àpáta àti ibi tó ṣókùnkùn. Kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti jẹun, ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń mú jẹ. Àwọn tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín kan ń gbé, zooxanthellae lorúkọ wọn, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ bí ewéko ṣe ń ṣe, tí iyùn sì ń rí jẹ nínú ohun tí wọ́n sè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù, àwọn àlejò yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó dà bíi májèlé sínú ara ẹni tó gbà wọ́n sílé, iyùn á sì lé wọn jáde. Àwọn náà ló ni púpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ tán, ẹran ara á mọ́ gaara, egungun funfun á yọ láti abẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ kẹsàn-án nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí, mo bá já iná náà wálẹ̀ sí ìdá 20, mo sì fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Funfun dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyùn Acropora kékeré tó wà lórí àpáta, tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò nígbà tí mo rà á, dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Montipora, iyùn mìíràn, náà tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù ni iyùn máa ń kó zooxanthellae jọ sínú ara rẹ̀ kí ó lè rí èyí tó kù mú, òun ló ń dúdú bẹ́ẹ̀. N kò tíì mọ èyí nígbà náà. Omi ni mo rò pé ó bàjẹ́, mo ń pààrọ̀ omi iyọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ.

Mo tún gba áàpù kan sórí fóònù tó ń ka lux. Ẹ má ṣe fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Bí ojú ènìyàn ṣe ń ríran ni lux ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀: ó ka àwọ̀ ewé sí púpọ̀, ó ka búlúù sí díẹ̀. Búlúù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná orí táǹkì mi. Áàpù náà sọ fún mi pé yàrá ìdáná wa mọ́lẹ̀ ju táǹkì lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ti ń tọ́jú táǹkì omi iyọ̀ láti ayé ìgbà tí gbogbo ènìyàn ṣì ń lo iná metal halide tó ń gbóná bí ààrò. Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìdá mélòó lẹ gbé iná tiyín sí?"

"Àbúrò, ìdá tèmi kò lè wúlò fún ẹ. Iná wa kì í ṣe ọ̀kan náà, omi mi sì jìn ju tìẹ lọ. Mélòó ni PAR tìẹ?"

"N kò tíì wọ̀n ọ́n, sà."

"Lọ yá mítà. Lẹ́yìn náà ká tó sọ̀rọ̀."

Ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín 400 sí 700 nánómítà ni PAR, èyí tí ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ lè lò. Lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ oòrùn tí kò sí ìkùukùu, nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 2000. Bí ẹ bá fẹ́ ra MQ-510 ní tuntun, ó lé ní 400 pọ́n-ùn, mi ò rò pé ó pọn dandan fún ẹni tó ní táǹkì kan. Ṣọ́ọ̀bù iyùn kan tí kò jìnnà sí wa ló yá mi fún òpin ọ̀sẹ̀ ní 25 pọ́n-ùn, mo sì fi owó ìdúró sílẹ̀ tí wọ́n dá padà fún mi nígbà tí mo gbé e lọ.

Ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ kò pọ̀: mítà tí ẹ ó dì mú lọ́wọ́, wáyà, ojú kékeré kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ, àti ọ̀pá tí ẹ ó fi tì í wọnú omi. Ojú yẹn nìkan ló gbọdọ̀ wọ omi. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò gbọdọ̀ tutù rárá, nítorí náà ẹ so ó mọ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ gbé e sórí tábìlì tó jìnnà díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ pé MQ-510 gan-an ni kí ẹ yá ni pé mítà ń ka ìmọ́lẹ̀ kéré jù bó bá ti wọ inú omi, àwọn tó ṣe èyí sì ti ṣe àtúnṣe náà sínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí, òun náà ni. Pẹ̀lú MQ-500, irú rẹ̀ tí kò ní àtúnṣe yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po 1.32. Àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ṣe kí LED tó gbòde máa ń ka búlúù kéré ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ óò ṣì rí wọn lọ́jà àlòkù. Ẹ má fi MQ-510 wọn ìmọ́lẹ̀ ní gbangba o, àtúnṣe omi yẹn á jẹ́ kó ka àkàjù.

Gígùn táǹkì mi jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 45, jíjìn rẹ̀ 45. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, mo pín in sí òkè, àárín àti orí yanrìn. Ìyàwó mi jókòó pẹ̀lú bírò, mò ń pe nọ́ńbà, wọ́n ń kọ ọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ojú mítà kọjú sókè tààrà. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà á já. Ẹ dín agbára pọ́ǹpù kù pẹ̀lú, nítorí ìgbì ojú omi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ó tún ń tú u ká, nọ́ńbà á máa fò láti 180 sí 260 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo kọ́kọ́ dá iná padà sí ìdá 100 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí n lè mọ ohun tí mo fi ojú àwọn iyùn yẹn rí. Orí àpáta: 510. Ibi tí Euphyllia wà: 340. Àwọn iyùn olú mi, Discosoma, tó wà lórí yanrìn: 180. Ọkàn mi bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fún iyùn olú àti iyùn Zoanthus ní 50 sí 100, Euphyllia ní 80 sí 150, Acropora ní 200 sí 350. Láti ṣọ́ọ̀bù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni mo ti gbé Euphyllia yẹn wá, mo sì sọ ọ́ sí 340 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà mo gbé e sí ìdá 20, Acropora tó ń fẹ́ ju 200 lọ ń rí 100 péré.

Ohun méjì mìíràn tí ǹ bá má mọ̀ láéláé: bí mo bá sún mítà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹ̀gbẹ́ láti abẹ́ iná gan-an, nọ́ńbà ń já sí ìdajì. Èkejì, iyọ̀ tó ta sí gíláàsì abẹ́ iná. Kí n tó nù ún, 205. Lẹ́yìn tí mo fi aṣọ tútù nù ún, 238. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń nù ún.

Àtúnṣe tí mo ṣe kò nílò iná mìíràn. Mo gbé iná náà sókè, láti sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 lórí omi, ìmọ́lẹ̀ sì tàn dé igun táǹkì tó ti ń ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Mo dín funfun kù gan-an, mo fi búlúù ṣe olórí. Nínú òkun, pupa ni omi ń kọ́kọ́ gbé mì, búlúù ló ń rìn jìnnà, òun ni àwọn iyùn yìí mọ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí wọ́n tàn: èròjà kan lára wọn ń gba búlúù, ó ń dá a padà ní àwọ̀ ewé tàbí pupa. Láti ara Discosoma, irú iyùn olú tó wà lórí yanrìn mi yìí gan-an, ni àwọn onímọ̀ ti mú èròjà pupa tí wọ́n pè ní DsRed jáde ní 1999, tó sì wà ní yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé lónìí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n ń tàn.

Nígbà tí a parí, òkè ń ka 240, ibi Euphyllia 130, yanrìn 75, igun 50. Ṣùgbọ́n n kò fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kọ ìdá tó fún mi ní nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀, mo já a wálẹ̀ sí ìdajì, mo sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wákàtí 10 ni iná ń wà lójoojúmọ́, méjì fi ń mọ́ bọ̀, méjì fi ń wọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ṣóńṣó ẹ̀ka Acropora bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àlùkò. Alkalinity omi mi náà, ìyẹn ìwọ̀n èròjà inú omi tí iyùn fi ń kọ́ egungun (dKH ni wọ́n fi ń kà á), já láti 8.5 sí 7.1 dKH láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀: iyùn tó rí ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ ń kọ́ egungun, inú omi ló sì ti ń fa ohun tó fi ń kọ́ ọ. Ẹ ra ohun tí ẹ ó fi máa wọn alkalinity kí ẹ tó gbé iná sókè.

Mítà yìí kò ní sọ fún yín irú àwọ̀ tó wà nínú iná. Funfun 200 àti búlúù 200, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ kéré púpọ̀ sí 400 nánómítà kò sì sí nínú ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ojú rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ẹni tó bá sin iyùn olú nìkan lè má nílò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó Acropora àti Discosoma sínú omi kan náà, kó yá a kó tó ra iyùn àkọ́kọ́.

Euphyllia tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ti ní orí mẹ́ta báyìí. Egungun orí tó kú ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n kò gé e kúrò. Mo ti ní kí ṣọ́ọ̀bù fi mítà náà pa mọ́ fún mi ní oṣù Ẹ́rẹ́nà, nítorí Acropora ti ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ó ti ń sún mọ́ iná.