Oúnjẹ Màmá ní ilé ìtọ́jú àgbà, kí ọ̀gá oníwèé-ẹ̀rí tó dé àti lẹ́yìn tó dé

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìdáná yìí. Ká ní lọ́dún tó kọjá ni mo kọ ọ́, ẹyọ kan ni wọn ì bá gbà, àánú ni n bá sì fi fún wọn.

Houston níbí la wà. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu Màmá, wọn ò lè gbé oúnjẹ líle mì mọ́, ni dókítà bá ní oúnjẹ lílọ̀ nìkan ni. Nígbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ló ń dáná níbẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá lónìí, ẹ ò ní bá a lọ́la. Wọ́n á lọ adìẹ àti ewébẹ̀ pọ̀, á wá dà bí ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ki débi pé ó lẹ̀ mọ́ Màmá lájà ẹnu, ikọ́ dé, mo figbe ta.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú 15 ni oúnjẹ alẹ́ ń dé, ó di mẹ́jọ àárọ̀ kí wọ́n tó tún fẹnu kan nǹkan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò fẹ́ kó ju wákàtí 14 lọ, àfi tí ìpanu gidi bá wà lálẹ́. Òfin yẹn náà ló ní tí onímọ̀ oúnjẹ ò bá sí níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ̀gá ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tàbí ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ náà mu. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ sọ́fíìsì wọn.

Ìgbà tí ọ̀gá ilé ìdáná tó ní CDM, ìyẹn ìwé ẹ̀rí alábòójútó oúnjẹ, dé ni ojú wa wálẹ̀. Ó bu oúnjẹ Màmá sí ṣíbí, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ní ó gbọ́dọ̀ já bọ́ lódidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ ṣàn, kò gbọdọ̀ lẹ̀. Ó ki tẹmọ́mítà bọ ẹran tó ti jinná, tí wọ́n gbé sórí iná kó má bàa tutù, kò tó 135°F, ó dá a padà.

Ó bi mí ohun tí Màmá ń jẹ nílé. Mo gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá. Àmàlà lẹ̀ mọ́ ṣíbí gbágbáágbá, ó mi orí. Gbẹ̀gìrì tí mo sè ki díẹ̀ yege. Ọmọ Ìbàdàn láìsí àmàlà! Màmá bínú fún ọjọ́ méjì.

Ìràwọ̀ tí mo yọ? Ọkùnrin náà kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, àwọn onígbà díẹ̀ á sì padà dé. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni mò ń yí ṣíbí wò.