Oṣù Mẹ́fà Pẹ̀lú Típù Cermet Lórí Ẹ̀rọ Lathe

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí nígbà tí mo tú páálí típù cermet mẹ́wàá tí mo rà (típù ni ẹnu líle kékeré tó ń gé irin lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fá a) ni pé wọ́n fúyẹ́. Mo gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, mo gbé típù carbide tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ lé ti òsì. CNMG 120404, ìyẹn àmì ìrísí àti ìwọ̀n típù, ni àwọn méjèèjì, ìrísí wọn kò yàtọ̀, síbẹ̀ ti òsì wúwo ju ti ọ̀tún lọ ní bí ìlọ́po méjì. Tungsten, irin kan tó wúwo gan-an, ló pọ̀ jù nínú carbide, nígbà tí ó jẹ́ pé titanium tí wọ́n so pọ̀ mọ́ carbon àti nitrogen ló pọ̀ jù nínú cermet.

Fún ẹni tí kò bá tíì lò ó rí, cermet jẹ́ àdàlù ohun líle tó jẹ́ ẹ̀yà tánganran àti irin; ara ọ̀rọ̀ méjì, ceramic àti metal, ni wọ́n ti gé orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń lọ ohun líle náà kúnná bí àtíkè, wọ́n á pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú nickel àti cobalt, wọ́n á fi agbára tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gba ìrísí típù, lẹ́yìn náà wọ́n á sun ún nínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1,400 sí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nickel àti cobalt á yọ́, wọ́n á wọ àárín àwọn hóró líle náà, wọ́n á sì dì wọ́n mú bí sìmẹ́ńtì ṣe ń di òkúta wẹ́wẹ́ mú. Carbide pàápàá jẹ́ ìbátan rẹ̀, nítorí cobalt náà ni wọ́n fi ń dì í. Àwọn ará Jámánì ló gbé e jáde sọ́jà ní àwọn ọdún 1920 pẹ̀lú orúkọ Widia, èyí tó túmọ̀ sí “bíi dáyámọ́ǹdì”.

Iṣẹ́ tí mo rà á fún ni fífá àṣeparí lára ṣáfúùtì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50, níbi tí bíárìn máa ń jókòó sí. Àyè àṣìṣe tí wọ́n fún mi kò ju 0.02 mìlímítà lọ. Mo ń jẹ́ kí típù náà wọlé ní 0.3 mìlímítà, kí ó máa sún ní 0.1 mìlímítà fún ìyípo kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú eré 220 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Ojú irin tó jáde wú mi lórí gidigidi. Ó ń dán débi pé bí mo bá na ìka sí i, mo ń rí òjìji ìka náà nínú rẹ̀, n kò sì ní láti fi pépà ìdán nù ún mọ́. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé cermet kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin tí ó ń fá. Pẹ̀lú carbide, pàápàá bí eré bá rẹlẹ̀, èérún irin máa ń lẹ̀ mọ́ ojú típù, á pọ̀ sí i, á já kúrò, á sì fa ojú ṣáfúùtì ya bí ó ṣe ń já lọ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì sí mi ju dídán lọ ni pé ìwọ̀n kì í tètè yẹ̀. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ṣáfúùtì méjìlá, mo ti gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ ṣe nítorí pé ojú típù ti jẹ. Ní báyìí, mo máa ń ṣe tó márùndínlógójì kí micrometer, ohun èlò tí mo fi ń wọn fífẹ̀ ṣáfúùtì, tó fi ìyàtọ̀ kankan hàn mí.

Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn sì ná mi ní típù méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ṣáfúùtì kan tí wọ́n ti gbẹ́ ihò gbọọrọ ti kọ́kọ́rọ́ gíà sí lára sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ihò náà bá yí dé, típù á bọ́ sínú òfìfo, etí kejì á sì kọlù ú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi gbọ́ ìró kan tó hán gooro. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo fi awò wo igun típù náà: ó ṣán mọ́lẹ̀ gẹ́rẹ́, ojú ibi tó ti ṣán sì rí bí ti àwo tánganran tó fọ́. Carbide ì bá jẹ díẹ̀díẹ̀, ì bá sì fún mi ní àyè láti rí i. Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi titanium carbide tí wọ́n fi irin dì ṣe abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé ó ń fara da ooru, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì torí pé kò lè gba ìkọlù mọ́ra.

Típù kejì, omi ló bà á jẹ́. Ọ̀pá omi ìtutù ẹ̀rọ mi ti dí díẹ̀, omi ń dà, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń dà. Ojú típù tó ti gbóná ń tutù lójijì, ó tún ń gbóná, títí ìlà wẹ́wẹ́ fi là sí i lára bí eyín ìyarun. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí gàdàgbà sára páálí. Láti ìgbà náà, mo ń fá a ní gbígbẹ, láìda omi kankan sí i, n kò sì tún rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Màá tún rà á, fún àṣeparí nìkan, lórí irin tí ojú rẹ̀ ń lọ geere láìní ihò. Carbide ni mo fi ń bó èèpo irin kúrò, òun náà ni mo sì ń lò fún gbogbo ohun tó bá ní ihò lára. Típù kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin tó wúlò, méjì lójú kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi bírò sàmì sí èyí tó bá ti kú. Nínú mẹ́jọ tó ṣẹ́kù fún mi, mẹ́ta ṣì wà tí n kò tíì fi àmì kankan sí.