Ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ̀lú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: àyẹ̀wò ìpèníjà ìwé kíkà kan láti Ilé-Ifẹ̀

Ìpèníjà ìwé kíkà pọ̀ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òǹkàwé kan ń darí láti Ilé-Ifẹ̀ yìí mọ ohun tí ìwé Yorùbá ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ tó ti kà á gbẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ ni, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń gbà, ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀.

Irú ìtàn tí wọ́n yàn yẹn ló dára jù nínú gbogbo ètò náà. Ẹni tí kò ka Yorùbá mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ máa ń rẹ̀ tó bá fi máa ka bí ogún ojú ewé. Àmì ohùn á dà á láàmú, á sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bá òkú nílẹ̀ ní orí kìíní, tí a kò sì mọ ẹni tó pa á, ọkàn òǹkàwé kì í balẹ̀ títí yóò fi kọjá ibi tó ti máa ń dúró.

Ìpele mẹ́ta ló wà: ìwé kan, ìwé méjì, ìwé mẹ́rin. Ibi ìpele kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, nítorí iye ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kò ka ojú ewé. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 150 ojú ewé, 600 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin wà fún ìsinmi, ó ku ọjọ́ 26, ojú ewé 23 sí 24 lójúmọ́ nìyẹn. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ gbé aago fóònù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ka ìwé Yorùbá kan wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wo iye ojú ewé tí ẹ parí. Ẹni tó bá ka mẹ́rin yóò nílò wákàtí kan gbáko lójúmọ́ fún ìpele kẹta. Ìpele kìíní kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ, ìṣẹ́jú 15 péré. Òun ló yẹ ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Lagere láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àkójọ ìwé wọn dára, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò ó kò dára. A-bí-ì-dí ni wọ́n fi tò ó, nítorí náà Àgbàlagbà Akàn ló ṣáájú Àjà Ló Lẹrù. Ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni méjèèjì, Lápàdé ló sì ń wá ọ̀daràn kiri nínú méjèèjì. Àjà Ló Lẹrù ló kọ́kọ́ jáde ní 1969, èkejì tẹ̀lé e ní 1971. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe jáde, kí ẹ lè ti mọ ìwà Lápàdé dáadáa kí ẹ tó bá a dé inú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ fi èyí tó fúyẹ́ la ojú, kó mú ọ̀kan nínú ìwé Kọ́lá Akínlàdé tí Akin Olúṣínà ti ń ṣe ìwádìí.

Ẹ̀dà àtijọ́ lè ṣe yín ní kàyéfì. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ 1974, ìlànà tí a fi ń kọ Yorùbá lónìí, tó dé, ẹ lè bá “aiye” níbi tí ẹ ti ń retí ayé, “enia” dípò ènìyàn, “nwọn” dípò wọ́n, “ọkọnrin” dípò ọkùnrin. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ẹ ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ sókè ketekete. Etí yóò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ kí ojú tó dá a mọ̀.

Lálaalẹ́, olúkúlùkù ń fi iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́: orúkọ ìwé, orí tó dé, ojú ewé tó dé, àti gbólóhùn kan nípa ẹni tó ń fura sí. Gbólóhùn yẹn ló ń jẹ́ kí ènìyàn kàwé pẹ̀lú àkíyèsí, ṣùgbọ́n òun náà ló ń bàjẹ́. Àìfàmìsí ló ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹnìkan á tẹ “Oko lo pa a” ránṣẹ́. Ṣé ọkọ ló pa á ni, àbí ọkọ̀? Nínú ìtàn ọ̀daràn, ọ̀kan jẹ́ apànìyàn, èkejì jẹ́ ìjàm̀bá, àríyànjiyàn á sì gba ilẹ̀. Ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù yín. Ó wà nínú Gboard, kíbọọ̀dù ti Google, ọ̀fẹ́ sì ni.

Èkejì burú jù ú lọ: ẹni tó ti parí á là á mọ́lẹ̀ ẹni tó pa òkú. WhatsApp máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jáde lójú fóònù kí ẹ tó ṣí i, nítorí náà bí ẹ kò tilẹ̀ wọlé, ẹ ti rí i. Òfin wọn ni pé kí orúkọ ìwé àti orí wà lókè, kí ènìyàn fi ìlà bíi mẹ́wàá sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹni kan péré tó bá gbàgbé ti ba oúnjẹ gbogbo ilé jẹ́. Telegram ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bo ọ̀rọ̀ títí ẹni tó fẹ́ kà á yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kó irú ìtàn báyìí lọ.

Ìjíròrò alẹ́ Sátidé ń fẹ́ àtúnṣe pátápátá. Voice note ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n gbà láàyè fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí ogójì ènìyàn bá sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 80 nìyẹn, ta ni yóò gbọ́ ọ tán? Ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n pín ara wọn sí. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ẹ bá pa ìgbàsílẹ̀ àwòrán àti fídíò, voice note ṣì ń wọlé fúnra rẹ̀.

Wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni pín ìwé tí wọ́n yà ní fọ́tò, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá rí ìwé rà lè lọ kà á ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU, ṣùgbọ́n bí ẹ kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́, ẹ béèrè nípa ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ wá ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá ń wá a nígbà tí àwọn yòókù ti ń kà á kì í bá wọn mọ́.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó parí kò wù wá. Ó ń mú kí ènìyàn máa ṣí ojú ewé lásán ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́ta lórí ìwé kọ̀ọ̀kan ìbá tó.

Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ má gbìyànjú láti ka 90 ojú ewé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìpele tó kéré. Wọ́n gbà á títí di ọjọ́ 15, lẹ́yìn ìyẹn wọn kì í yí i padà mọ́.