AKILIMO mọ ilẹ̀, kò mọ òjò ọdún yìí

Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Ọ̀ṣun mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló ń gba orun lójú àgbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin: ìgbà wo ni kí n gbìn, ṣé owó ajílẹ̀ tí mo fẹ́ ná yìí yóò sì padà wálé? AKILIMO ni áàpù tí IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, òun àtàwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣe láti dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Èdè Swahili ni wọ́n ti mú orúkọ náà: akili ni ọgbọ́n, kilimo ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android. Ó yẹ kí àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní in. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ojú rẹ̀ kò tó, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀dá ti ń wọlé.

Ohun mẹ́rin ló ń ṣe fún àgbẹ̀ Nàìjíríà. Ó ń sọ irú ajílẹ̀ tó yẹ oko yín àti iye rẹ̀. Ó ń sọ bóyá kí ẹ túlẹ̀ kí ẹ sì kọ ebè, tàbí kí ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Ó ń sọ bí ẹ ṣe lè gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́. Ó sì ń fi oṣù tí ẹ fẹ́ gbìn àti oṣù tí ẹ fẹ́ kórè wé owó tí ẹ máa rí. Èyí àkọ́kọ́ ló gbayì jù. Kì í kàn pàṣẹ àpò kan náà fún gbogbo ayé. Iye tí ẹ ń ra ajílẹ̀ àti iye tí ẹ ń ta ẹ̀gẹ́ ló fi ń ṣírò, bí èrè kò bá sì yọ, yóò sọ fún yín pé kí ẹ má fi ajílẹ̀ kankan. Olùtajà ajílẹ̀ wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà?

Àṣìṣe tó pọ̀ jù kì í ti ọ̀dọ̀ áàpù wá, inú ohun tí a tẹ̀ sí i ló ti ń wá. Ẹ dúró sáàárín oko kí ẹ tó jẹ́ kó mú ibi tí ẹ wà. Ẹni tó bá jókòó sílé láàárín ìgboro tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló máa bá a ṣírò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí lóko, ẹ wá oko náà lórí máàpù nígbà tí ẹ bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, torí pé láìsí dátà kò lè mú ìdáhùn wá.

Ìwọ̀n oko ló ń da nǹkan rú jù. Igba ebè, ẹgbẹ̀rún ebè, bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń ka oko nìyẹn, áàpù ò sì mọ ebè. Éékà tàbí hẹ́kítà ló gbọ́. Éékà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 64 ní ìbú, mítà 64 ní òró. Bí ebè yín bá jìnnà síra ní mítà kan-kan, nǹkan bí 4,000 ebè ló wà lórí éékà kan, igba ebè kò sì ju ìdá kan nínú ogún éékà lọ. Ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tí ẹ gbé yí oko ká. GPS rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà, lè fi mítà márùn-ún ṣìnà. Lórí oko ńlá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi mítà márùn-ún kún ìbú àti òró éékà kan ṣoṣo, oko náà ti fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe rí lọ, owó ajílẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Okùn mítà 20 tí a so kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan sàn jù ú lọ.

Yóò tún bi yín ní iye ẹ̀gẹ́ tí oko ń mú wá, yóò sì fi àwòrán hàn kí ẹ yàn. Ta ni yóò fẹ́ yan èyí tó kéré jù? Ẹ má fi ojú yàn án. Ẹ hú ìdí ẹ̀gẹ́ 20 káàkiri oko, ibi tó dára àti ibi tí kò dára, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200. Bí ìdí 20 bá wọn kílò 40, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn lórí éékà. Iye owó náà, ti ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ti èṣín.

Bí ó bá wá ní kí ẹ fi àpò ajílẹ̀ NPK méjì sí éékà, kílò 100 nìyẹn lórí 4,000 ìdí, ìyẹn gíráàmù 25 fún ìdí kan. Ẹ bu ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kún ní ìgbà 20, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ pín in sí 20, ẹ ó mọ iye gíráàmù tó wà nínú ìdérí kan. Ẹ fi ìyẹn pín 25, ẹ ó mọ iye ìdérí tó kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ajílẹ̀ Urea lọ́tọ̀, ó fúyẹ́ ju NPK lọ nínú ìdérí kan náà.

Ibi tí ojú rẹ̀ kò tó ló kàn. Máàpù ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ òjò àwọn ọdún tó ti kọjá ni AKILIMO fi ń ṣírò. Òjò ọdún yìí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìparí oṣù kẹta lẹ fẹ́ gbìn, yóò bá yín ṣírò bí ẹni pé oṣù kẹta tọdún yìí yóò rí bí ti àtẹ̀yìnwá. Àkọ́rọ̀ á rọ̀, ilẹ̀ á tutù, gbogbo abúlé á gbìn, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì á sì ká igi ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó ta gbòǹgbò. Igi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 tó bá ti gbẹ, kò sí ajílẹ̀ tó lè jí i.

Èyí tó lè bá a dí àlàfo yẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, iye rẹ̀ ní mìlímítà àti ìgbà tí ọ̀dá lè já sí i láàárín, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ má kà á bí ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n ti dá. Ó lè yẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí òjò tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá má sì já sí i láàárín oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì kejì ni àsọtẹ́lẹ̀ wà fún. Ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọ̀n ọ́n.

Agolo mílíìkì tí ara rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ti tó. Ẹ so ó mọ́ òpó níbi gbangba. Bí igi kan nítòsí bá ga ní mítà mẹ́ta, kí agolo jìnnà sí i ní mítà mẹ́fà. Ní aago méje àárọ̀, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́. Ibi tí omi dé lórí rúlà, mìlímítà òjò nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da omi nù. Rúlà ọmọ iléèwé sábà máa ń ní àlàfo díẹ̀ kí òdo tó bẹ̀rẹ̀: ẹ gé e kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo òjò tí ẹ bá wọ̀n ni yóò máa fi mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dín. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀sán, oòrùn máa ń mu nínú rẹ̀.

Áàpù ojú ọjọ́ tó bá fóònù wá ni kí ẹ gbà gbọ́ kéré jù. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn wọn pín ayé sí ìlà-ìlà tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní kìlómítà 9, 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò tiwa sì lè rọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn kó má kan Àpáta. Àwòrán sátẹ́láìtì wúlò jù wọ́n lọ. Òjò oníjì wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Bí ìkùukùu ńlá bá dúdú lórí Èkìtì lọ́sàn-án, ará Ìwó àti Ìbàdàn ní wákàtí díẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi ajílẹ̀, àgbàrá á gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí ilẹ̀ gbígbẹ kò yẹ Urea. Èyí tí a kò bá sì bò, afẹ́fẹ́ ló máa ń bá lọ. Ẹ dúró kí ilẹ̀ tutù, ẹ fi í sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ìdí, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́ ní láti ka oṣù dáadáa. Àgbàdo máa ń yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60, ìgbà yẹn ni kò lè fara da ọ̀dá rárá. Èyí tí a gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin á yọ irun nínú òjò oṣù kẹfà. Èyí tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà kí a tó gbìn ín, inú ìsinmi òjò oṣù kẹjọ ló máa bọ́ sí, ṣùkù lásán ni olóko á sì ká. Ẹ̀gẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ kò bìkítà.

Fún àwọn tó ń tà fún ilé iṣẹ́ sítáàṣì, apá tó ń sọ oṣù ìkórè tọ́ sí àkókò yín. Bí òjò bá padà dé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gẹ́ á tún rúwé, inú sítáàṣì tó wà nísàlẹ̀ ló sì ti ń fa oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi sítáàṣì díwọ̀n owó yóò yọ nínú tiyín. Ìkórè oṣù kejìlá sàn fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ á ti le, owó lébìrà á sì gòkè. Ẹ fi owó lébìrà náà kún ìṣírò kí ẹ tó yọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni AKILIMO fi ń bá wa sọ̀rọ̀, àlébù ńlá sì nìyẹn. Bàbá tó ń ka oko rẹ̀ ní ebè yóò nílò ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi okùn lé lọ́wọ́, kó tó mú fóònù.