Wọ́n ti gé tòlótòló mi lọ

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí mo rà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ìwé ìròyìn Saturday Evening Post ti ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1943 ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 28, owó ìfiránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó tà á kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó pé, ojú ewé kankan ò sọnù. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo tìtorí rẹ̀ rà á, èyí tí Norman Rockwell, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, yà: ìyá àgbà ń gbé tòlótòló kalẹ̀ síwájú ẹbí, bàbá àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Alásè ilé Rockwell gan-an ló se tòlótòló yẹn. Ó yà á tán, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iwájú ìwé ni àwòrán náà wà. Rárá o, inú ni. Òun ni ìkẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra, lórí òmìnira mẹ́rin tí Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kà sílẹ̀ ní 1941; òmìnira kúrò lọ́wọ́ àìní ni ti tòlótòló yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàkiri Amẹ́ríkà, ìjọba sì tipa bẹ́ẹ̀ yá owó ogun tó lé ní mílíọ̀nù 132 dọ́là lọ́wọ́ ará ìlú.

Ìwé dé. Wọ́n dì í dáadáa, páálí níwájú, páálí lẹ́yìn, wọn ò ká a rárá. Mo ń ṣí i lọ, mo ń ṣí i bọ̀, n ò rí tòlótòló. Wọ́n ti fi abẹ gé e létí ibi tí wọ́n ti dì í pọ̀, ó mọ́ tónítóní débi pé ẹni tí kò bá wá a kò ní fura. Bóyá ara ògiri ẹnì kan ló wà láti ọjọ́ yìí, nínú férémù.

Àròkọ tí wọ́n kọ tì í ṣì wà. Carlos Bulosan ló kọ ọ́, ọmọ Filipínì tó ti ṣe alágbàṣe lóko Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kórè oúnjẹ ló sì ń sọ. Wọ́n gbé oúnjẹ lọ, wọ́n fi alágbàṣe sílẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, inú mi ò sì dùn.

Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà, ó ní òun ò ṣí i wò rí, ó dá dọ́là 15 padà. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi torí àwọn àwòrán tó kù, ti ìtàn àti ti ìpolówó ọjà. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n: àmì kéékèèké tótótó ni wọ́n, pupa, yẹ́lò, búlúù, dúdú, tí ojú wa ń so pọ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ojúlówó tí Rockwell fọwọ́ ara rẹ̀ yà wà ní Stockbridge, Massachusetts, nínú mùsíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ṣì ń wá ìwé náà, ẹ̀dà míì. Ẹni tó bá ní i, kó kọ́kọ́ ya fọ́tò tòlótòló ránṣẹ́ sí mi ká tó sọ̀rọ̀ owó.